Ẹyin Máa Ń Ṣáájú Ẹ̀jẹ̀: Ìbéèrè Àwọn Ìyálọ́mọ Lórí Ìfètòsọ́mọbíbí

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tí àwọn ìyá bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdí tábìlì ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n máa ń bá mi. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi bi mí ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ẹni tó jókòó ti onítọ̀hún bá ti dìde lọ. Mo yọ orúkọ kúrò, mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì rí nǹkan oṣù mi látìgbà tí mo ti bímọ. Ṣé ẹni tí kò rí nǹkan oṣù lè lóyún ni?

Ó lè lóyún dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní nǹkan oṣù, òun ló ń dé kẹ́yìn. Ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde nínú ara obìnrin. Ilé ọmọ á ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é. Bí ẹyin yẹn kò bá pàdé àtọ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ilé ọmọ á tú ibùsùn náà dànù, òun ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí. Bó bá pàdé àtọ̀, ibùsùn kò ní tú, ẹ̀jẹ̀ kò ní wá, oyún ti dúró nìyẹn. Obìnrin lè bímọ, kó má fojú kan nǹkan oṣù rárá, kó sì lóyún òmíràn. Ẹni tó ní òun ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kí òun tó wá sọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń pẹ́ dé ló ń dúró dè.

Ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú, ẹyin rẹ̀ lè jáde kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ọjọ́ 21. Kí ọjọ́ 21 tó pé, kò sí ewu oyún. Láti ọjọ́ náà lọ, ó yẹ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti ní ohun tó ń dáàbò bò ó.

Mo rántí ìyá kan tó gbé ọmọ oṣù mẹ́fà wá gba fítámì A. Ó ní inú ń rìn òun láràárọ̀, pé ó jọ ibà. Mo fún un ní ike kó tọ̀ sí, mo ki bébà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́. Ìlà kan yọ. A ń wò ó, ìkejì náà rọra ń pọ́n bọ̀, bíi pé ojú ń tàn wá. Ó wo bébà, ó wo ọmọ tó ń fa bùbá rẹ̀ lọ́rùn, ó ní, “Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí nǹkan kan.” Oyún náà ti tó oṣù méjì.

Ìyá mi fi ọmú fètò sí ọmọ mẹ́fà. Kí ló dé tí tèmi ò ní ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ń fa ọmú tọ̀sántòru, ara ìyá kì í jẹ́ kí ẹyin jáde. Ní 1988 àwọn onímọ̀ pé jọ sí Bellagio ní Ítálì, wọ́n fẹnu kò pé ààbò ọmú tó 98 nínú 100, bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí nǹkan oṣù má tíì padà, kó sì jẹ́ pé ọmú ni ọmọ ń jẹ, ọmú náà ló ń mu, lọ́sàn-án àti lóru. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ààbò ti lọ.

Ẹ̀kẹta ló máa ń gbé wa ṣubú. Bí mo bá béèrè pé, “Ṣé ọmú nìkan ni?” wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” “Omi ńkọ́?” “Háà, omi díẹ̀, nítorí ooru.” “Àgbo ńkọ́?” “Ṣíbí kan láàárọ̀, màmá ọkọ mi ló ń fún un.” Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Omi àti àgbo tó bá ti yó ọmọ, ọmú tí kò ní fà mọ́ nìyẹn, ara ìyá sì mọ̀. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, èyí tí wọ́n máa ń ṣe láti ilé dé ilé lórí ìlera ìdílé ní Nàìjíríà, rí i pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Àwọn tó lè gbára lé ọmú kò pọ̀ tó àwọn tó gbára lé e.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kì í ṣe ọmú nìkan ni àwọn ìyá wa àgbà fi ṣe é. Láyé wọn, bí obìnrin bá ti bímọ, ibùsùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ. Ọmọ á mu ọmú fún ọdún méjì, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú ni ọkọ tó ń padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, àwọn onímọ̀ nípa iye ọmọ ènìyàn, ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwa Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtìjú ló ń ṣọ́ àṣà náà: ẹni tó bá lóyún lé ọmọ lórí ọmú, kò ní lè gbójú sókè láàárín agboolé. Àwa tí à ń gbé yàrá kan, tí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo wà níbẹ̀, tí ọkọ wa kò sì níyàwó méjì, a gba ọmú níbẹ̀, a fi ìyókù àṣà sílẹ̀. Ìdí tí ti ìyá yín fi ṣiṣẹ́ tí ti yín fi lè kùnà nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé àtọ̀ ọkùnrin máa ń ba omi ọmú jẹ́?

Rárá o. Ọ̀nà àtọ̀ kò pàdé ọ̀nà ọmú níbì kankan. Òótọ́ lohun tí àwọn àgbà fojú rí, pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ tètè lóyún lé lórí máa ń rù. Ẹ̀bi ni wọ́n kàn gbé ka ibi tí kò sí. Oyún tuntun ló ń gba oúnjẹ àti ìtọ́jú lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyá tí kò tíì gba ti àkọ́kọ́ padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún gbìyànjú oyún. Ẹ ṣírò rẹ̀: oṣù 24, ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án oyún lé e, ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́ta ju àbúrò rẹ̀ lọ. Iye ọdún tí àwọn ìyá àgbà wa ń fi sílẹ̀ náà nìyẹn.

Ìgbà wo gan-an ni mo lè bẹ̀rẹ̀, èwo ni mo sì lè lò?

Nǹkan méjì ló máa sọ ọ́: bóyá ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, àti ọjọ́ tí ẹ ti bímọ.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ẹ lè ti ilé ìgbẹ̀bí gbé ààbò lọ sílé. Kọ́ìlì oníbàbà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, a lè fi sí i láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn ìbímọ, kódà lójú ẹsẹ̀ tí ibi bá ti jáde, tàbí nígbà iṣẹ́ abẹ kí dókítà tó rán ilé ọmọ pa. Bí wákàtí 48 bá ti kọjá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ilé ọmọ ṣì rọ̀, ó ṣì ń sún kì. Èyí tí a fi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ máa ń já bọ́ ju èyí tí a fi sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ padà wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá náà, ẹ lè gbà á kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, bí ẹ tilẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún wa láti ìgbà oyún, kí a kọ ọ́ sí káàdì. Obìnrin tó ń rọbí kọ́ la máa ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta: ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú á dúró kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn náà ni ọmọ ń wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tọmọ-tìyá á gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ọmọ nìkan ló máa ń sunkún.

Oògùn oníhóró pín sí méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ họ́mọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, ló wà nínú rẹ̀. Òun ni ti ìyá ọlọ́mú, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí ẹ bímọ, wákàtí kan náà ni kí ẹ sì máa lò ó lójoojúmọ́. Èkejì ní họ́mọ́ọ̀nù méjì. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ó sì dára kó fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú náà á ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, nítorí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń tètè dì nínú iṣan, oògùn yìí sì ń dá kún un. Bí iṣẹ́ abẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀, kó jẹ́ dókítà ló máa sọ bóyá kó lò ó rárá. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì làwọn èèyàn ti ń rà á, wọn kò sì ní sọ pé àwọn ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó mú owó jáde.

Kọ́ńdọ̀mù kò ní ọjọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti padà sọ́dọ̀ ọkọ ni, òun nìkan ló sì ń dènà àrùn mọ́ oyún.

Èwo ló dájú jù nínú gbogbo wọn?

Èyí tí kò fi ohun tí ẹ máa rántí lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ wo obìnrin 100 tó lo ọ̀nà kan fún ọdún kan gbáko. Bí wọ́n bá ń gbára lé kí ọkọ yọ kúrò kó tó dà, nǹkan bí 20 nínú wọn á lóyún. Kọ́ńdọ̀mù, bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó gan-an, nǹkan bí 13. Oògùn oníhóró, 7. Abẹ́rẹ́, 4, torí ọjọ́ abẹ́rẹ́ máa ń kọjá lórí ẹlòmíràn. Kọ́ìlì oníbàbà kò tó ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n ń fi sápá ló kéré jù: nínú obìnrin 1,000 ni ẹ ti máa rí ẹyọ kan.

Ìyá tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru nítorí ọmọ, ṣé òun ni mo fẹ́ kó máa rántí hóró oògùn láago méje àárọ̀? Tó bá jẹ́ èmi ni, apá mi ni màá nà sí nọ́ọ̀sì.

Ṣé kò ní dín omi ọmú mi kù?

Àwọn tí mo kà fún ìyá ọlọ́mú lókè yẹn kì í dín in kù. Kọ́ìlì oníbàbà kò tilẹ̀ ní họ́mọ́ọ̀nù kankan. Èyí tó ní họ́mọ́ọ̀nù méjì ló lè dín in kù, ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi ń sá fún un.

Mo lọ síbì kan, wọ́n ní kí n lọ dúró títí nǹkan oṣù á fi dé kí n tó padà wá. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ìyá á gbé ọmọ sẹ́yìn, á wọ ọkọ̀ méjì, á tò fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá ní kó padà sílé lọ dúró de nǹkan tó lè má dé kó tó lóyún. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bóyá ó ti lóyún. Ọ̀nà àtimọ̀ wà, kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ẹ̀rọ. Ìbéèrè mẹ́fà ni:

Ṣé ọmọ yín kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń mu ọmú nìkan tàbí tí ọmú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀, tí nǹkan oṣù kò sì tíì dé? Ṣé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí ẹ bímọ? Ṣé ẹ kò tíì bá ọkùnrin lò pọ̀ látìgbà tí ẹ bímọ tàbí látìgbà tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn? Ṣé láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn ni nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀? Ṣé láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn ni oyún bà jẹ́ lára yín? Ṣé ẹ ti ń lo ọ̀nà mìíràn tó dájú, tí ẹ kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ?

Bí ìdáhùn sí ẹyọ kan ṣoṣo bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, tí kò sì sí àmì oyún lára yín, ẹ kò lóyún, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ fún yín lónìí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ “rárá”, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò, kí wọ́n sì fún yín ní kọ́ńdọ̀mù lọ sílé. Ẹ má gbà kí wọ́n lé yín padà lọ́wọ́ òfo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ti apá sí i? Wọ́n ní wọ́n máa ń la ara ni.

Ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó ká apá tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ lò sí ẹ̀gbẹ́ orí. Màá fi oògùn nu inú apá lókè ìgúnpá, á tutù. Màá gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú tipiri, á ta yín bí ìgbà tí eèrùn bá jẹni, lẹ́yìn náà ẹ kò ní mọ̀ ju pé mo ń tì nǹkan lọ. Ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, kò nípọn ju igi ìṣáná lọ. Oríṣi tó ń jẹ́ Jadelle jẹ́ ọ̀pá méjì, ó ń lo ọdún márùn-ún. Implanon NXT jẹ́ ẹyọ kan, ó ń lo ọdún mẹ́ta. A kì í rán ojú rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kékeré ni. Kí n tó wé e, màá mú ìka yín, màá fi lé e kí ẹ fọwọ́ ara yín kàn án. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ máa ń rín níbẹ̀ yẹn. Abẹ́ awọ ló ń gbé títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì tọ́jú káàdì tí ọjọ́ yíyọ wà lára rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ẹni tó bá wà lórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí rifampicin wà nínú rẹ̀, kó sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn náà máa ń sọ ti apá àti ti oníhóró di aláìlágbára.

Láti ìgbà tí mo ti gba abẹ́rẹ́, nǹkan oṣù mi dúró. Níbo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń kó sí?

Kò kó síbì kankan. Ẹ rántí ibùsùn tí mo sọ lókè. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lára, ilé ọmọ kì í tẹ́ ibùsùn tó nípọn, kò sì sí ohun tó máa tú dànù. Ẹni tí kò tẹ́ ẹní, ẹní wo ló fẹ́ ká? Ilé ọmọ kì í ṣe àgbá tí ẹ̀jẹ̀ ń kún inú rẹ̀.

Èyí tó ń ká mi lára ju èyí tó dúró lọ ni èyí tó ń kán. Lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán ní díẹ̀díẹ̀, kó má ní ọjọ́. Kò léwu, ṣùgbọ́n ó ń dí èèyàn lọ́wọ́. Ìyá kan ní òun kò lè kírun, òmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí òun ń lọ kì í jẹ́ kí obìnrin tó ń rí ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í ka èyí kún, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí obìnrin wá ní kí a yọ ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alùfáà yín bóyá irú ẹ̀jẹ̀ yẹn jẹ́ nǹkan oṣù lójú ẹ̀sìn, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ wa. Oògùn wà tó lè dá a dúró, ọ̀nà mìíràn sì wà bí kò bá bá yín lára mu.

Ṣé màá tún bí nígbà tí mo bá fẹ́?

Ẹ ó bí. Bí a bá yọ kọ́ìlì tàbí ti apá, tàbí tí ẹ bá dá hóró dúró, ẹyin lè padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ló ń pẹ́ kó tó kúrò lára: láti ìgbà tí ẹ gba èyí tó kẹ́yìn, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí oyún tó dúró. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ lóyún lọ́dún tó ń bọ̀, kó má yan abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya pé “wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ dí i nínú”, oṣù mẹ́wàá yìí ló fà á, torí ẹni tó fún wọn kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣé kọ́ìlì kì í rìn lọ sínú ọkàn?

Ilé ọmọ kò ní ọ̀nà tó lọ sí ọkàn. Òwú rẹ̀ wà lẹ́nu ilé ọmọ. Bó bá ń gún ọkọ yín, ẹ wá kí a gé e kúrú. Èyí tí ẹ máa rí ni pé nǹkan oṣù á pọ̀ sí i, inú á sì máa run yín díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ń lò tó ọdún mẹ́wàá.

Ìgbàdí ńkọ́? Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́?

Mi ò ní bú ogún baba ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti tú ìgbàdí kúrò nídìí obìnrin tó ń rọbí. Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, inú ikùn oúnjẹ ni wọ́n ń lọ, wọn kò mọ ọ̀nà ilé ọmọ.

Bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lóru láìròtẹ́lẹ̀, oògùn pàjáwìrì bíi Postinor wà. Ẹ tètè lò ó, kí ọjọ́ mẹ́ta má tíì pé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó. Ìyá ọlọ́mú lè lò ó. Ṣùgbọ́n ti pàjáwìrì ni, kì í ṣe ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọkọ mi kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òfin: kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí ọkọ fọwọ́ sí i kí obìnrin tó fètò sọ́mọ bíbí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé lọ́wọ́ yín, ti ara rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ilé ni ẹ máa padà sí, mo mọ̀. Bí ọkùnrin bá ní òun kò gbà, mo máa ń bi ìyàwó pé kí ló sọ gan-an. Nígbà púpọ̀, ọmọ mìíràn kọ́ ló ń fẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ìyàwó á ṣàìsàn, tàbí pé á máa rìn kiri torí kò ní lóyún. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà la máa ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú un wá. Mo ti rí bàbá kan tó wọlé pẹ̀lú ojú kíkorò, tó gba ọ̀pá àfihàn lọ́wọ́ mi, tó ká a títí, tó wá ní, “Gbogbo ariwo náà ò ju èyí lọ?”

Èyí tí kò bá ṣeé mú wá ńkọ́? Sayana Press wà, abẹ́rẹ́ kékeré tí obìnrin lè fi gún ara rẹ̀ nílé lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ. Mi ò sọ pé kí ẹ purọ́ fún ọkọ yín. Mo ń sọ pé ara yín ló ń bímọ ni. NDHS 2018 kan náà ṣírò rẹ̀ pé 512 ìyá ń kú nínú ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ fún gbogbo ọmọ 100,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà. Kò sì tó obìnrin 13 nínú 100 tó wà nílé ọkọ tó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé lọ́dún yẹn.

Èló ni?

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí nǹkan ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Nǹkan náà ni ọ̀fẹ́. Ìbọ̀wọ́, òwú àti oògùn tó ń mú kí ara kú tipiri, wọ́n lè ní kí ẹ rà á tàbí kí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má bàa dé orí ibùsùn kí owó tó di ìjà.

Ọmọ mi kò dúró. Ṣé èmi náà nílò rẹ̀?

Ẹ kú àfẹ́kù, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sí ọmọ tó ń fa ọmú, ẹyin máa ń tètè padà. Ti oyún tó bàjẹ́ tilẹ̀ yá jù: ó lè má pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara kọ́kọ́ gbà padà, ẹ wá. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìjókòó yín ṣì wà.

Márùn-ún ti tó mi. Mo fẹ́ kí wọ́n so ọ̀nà ẹyin mi pa.

A lè ṣe é láàárín ọjọ́ méje tí ẹ bímọ, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ẹ gbà pé kò sí àpadàbọ̀. Mi ò kì í fẹ́ kí obìnrin pinnu rẹ̀ nínú ìrora ìrọbí. Ti ọkùnrin rọrùn ju ti obìnrin lọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n á ṣì fi ṣọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn bàbá. Wọ́n máa ń wo aago.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo bímọ sí. Ṣé ohun kan náà ni?

Ohun kan náà ni ara obìnrin, ọjọ́ 21 náà ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn. Láti 2021, oògùn oníhóró tó jẹ́ họ́mọ́ọ̀nù kan tí desogestrel wà nínú rẹ̀, ẹ lè rà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ oògùn láìsí ìwé dókítà.

Kí ló yẹ kó mú mi sáré padà wá?

Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, bí àyà bá ń dùn yín, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, bí ibi tí a fi ti apá sí bá ń ṣọyún, bí ibà bá dé tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro yín lẹ́yìn kọ́ìlì. Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Ṣé kí n wá ẹni tó máa bá mi gbé ọmọ kí n tó wá?

Rárá, ẹ pọ̀n ọ́n wá, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Bó bá ń sunkún, ẹ fún un lọ́mú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi kò lápá, nítorí ọlọ́mọ ni mo ṣe gbé e síbẹ̀.